Ọlọ́pàá Tó Mọ Bàbá Mi

Ọdún 2014 ni bàbá mi kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa níbí, oṣù kẹrin ni, òtútù ò tíì lọ tán, ewé ò tíì yọ lórí igi. Ìlú tí à ń gbé kéré, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, apá kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Quiet Corner ló wà, igbó àti pápá màlúù ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé kan síbí, ilé kan sọ́hùn-ún, ògiri òkúta àtijọ́ ló pààlà sáàárín ilẹ̀ ẹnì kan àti ti ẹnì kejì. Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ pé aago márùn-ún ni wọ́n máa ń jí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wọ bùbá, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á wá rìn yí àdúgbò ká, kò sí ẹni tí wọ́n máa pàdé tí wọn ò ní kí. Ní Òkè Báálẹ̀ ní Òṣogbo, bí wọn ò bá kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó di ọ̀sán ẹnì kan á ti wá kanlẹ̀kùn, ṣé kò sí o, a ò rí bàbá lónìí.

Lọ́jọ́ kẹwàá tí wọ́n dé, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé (ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn), mo ní kí n yọjú wò wọ́n ní yàrá, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò sí níbẹ̀, bàtà wọn ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Àyà mi já. Kì í ṣe pé mo rò pé wọ́n sọnù, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba iwájú ilé wa, kò sí ibi téèyàn fẹ́ ṣìnà sí. Ohun tó já mi láyà ni pé mo mọ bí bùbá àti fìlà á ṣe rí lójú ẹni tí ò rí i rí, nínú kùrukùru ìdájí, lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé àwa nìkan ni èèyàn dúdú tó ń gbé ibẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yà wọ ọgbà wa. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, láti iwájú ọkọ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yìn, wọ́n gbé ife kọfí dání. Trúpà yẹn (bẹ́ẹ̀ la ń pe ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ níbí) náà bọ́ọ́lẹ̀, ó bọ́ fìlà ẹ̀ sábẹ́ apá. Ó ní ẹnì kan ló pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, pé òun rí ọkùnrin àgbàlagbà kan lẹ́bàá ọ̀nà, aṣọ tó wọ̀ ò yé òun. Ó ní bí àwọn tó wà nídìí fóònù ṣe ń ṣàpèjúwe fìlà yẹn fún òun lòun ti mọ̀ pé bàbá ni, torí a ti pàdé ẹ̀ ní ààtàn ìlú lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí gbogbo wa ti ń kó pàǹtí lọ dà, mo sì ti fi bàbá mi hàn án. Kò tan iná orí ọkọ̀. Ó rọra páàkì síwájú wọn, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó kí wọn, ó ní ṣé òtútù ò mú wọn ni, ó wá gbé wọn dé búkà kan lójú títì ńlá, ó ra kọfí fún wọn, ó gbé wọn wálé. Ìgbà tó lọ tán tí mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀, tí mo fẹ́ sọ pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jáde nìkan mọ́, wọ́n ti jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ó mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé irú ọlọ́pàá tó jẹ́, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìlú 169 ló wà ní Connecticut. Àwọn ńláńlá bíi Hartford, New Haven, Bridgeport ní ọlọ́pàá tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tó lé ní 70 ò ní rárá, wọn ò pọ̀ tó, owó wọn ò sì tó o. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí agbófinró káúńtì (àkójọ ìlú mélòó kan), ló máa ń mójú tó irú ìlú báwọ̀nyí, ṣùgbọ́n Connecticut ti fagi lé ìjọba káúńtì láti 1960, àwọn ṣẹ́rífù tó ṣẹ́kù náà, aráàlú fi ìbò yọ wọ́n kúrò nínú òfin ìpínlẹ̀ ní 2000. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ nìkan ló kù nìyẹn, èyí tó ti wà láti 1903. Ní 1947 ni wọ́n wá dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní resident trooper. Ìlú kékeré á bá ìjọba ìpínlẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé, ìjọba á yan trúpà kan fún un, trúpà náà á máa ṣọ́ ìlú yẹn bí iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n á fún un ní ọ́fíìsì nínú táun họ́ọ̀lù, ìlú á wá máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀. Òfin tiẹ̀ gbà kí ìlú méjì tó pààlà jọ pín ẹyọ kan. Bí ìlú bá ní kọ́nsítébù tiẹ̀, abẹ́ trúpà yẹn ni wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́ sí.

Ìlú tí ò bá tọwọ́ bọ ìwé kankan ńkọ́? Ọlọ́pàá á ṣì wá, ìyẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá pe 911, bárékè, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, tó sún mọ́ yín jù ló máa rán ẹni tó wà nítòsí, tọ̀sán-tòru, ìlú ò sì ní san kọ́bọ̀ fún un. Torí náà owó tí ìlú ń san fún resident trooper, kì í ṣe pé ó ń fi ra ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ti wà. Ohun tó ń fi owó yẹn rà ni kó jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń wá, kó mọ ilé tí ajá ti ń buni jẹ, kó mọ ìyá àgbà tó máa ń gbàgbé iná sórí sítóòfù, kó mọ ọmọkùnrin tó ń gbógun ti ara ẹ̀ látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, kó mọ bàbá ẹnì kan tó máa ń dé fìlà jáde ní ìdájí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Gbogbo owó yẹn, ká lè sọ ojú àlejò di ojú tó ń ríran ni.

Owó yẹn ò kéré o. Kó tó di 2015, 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó trúpà ni ìlú ń san, àti gbogbo owó ofatáìmù. Láti oṣù keje 2015, ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di 85 fún trúpà méjì àkọ́kọ́, ìlú tó bá ní ju méjì lọ á san gbogbo owó èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá ro owó oṣù pọ̀ mọ́ owó ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì, ẹyọ trúpà kan lè kọjá 100,000 dọ́là lọ́dún dáadáa, fún ìlú tó jẹ́ pé owó orí ilé ló fi ń san owó tíṣà, tó fi ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, tó fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ìlú wa jókòó wò ó, wọ́n ní ẹnu ò gbà á. Wọn ò tọwọ́ bọ èyí tó kàn. Trúpà wa wá dágbére fún wa ní ọ́fíìsì kékeré yẹn, àwọn kan ṣe kéèkì fún un, ó padà sí bárékè. Ẹni tó mọ bàbá mi lọ nìyẹn.

Wọ́n tún wá ní 2017. Mo ti kìlọ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àgbàlagbà sì nìyẹn, lọ́jọ́ kan wọ́n tún jáde. Ẹnì kan tún pè. Mo fẹ́ sọ èyí bó ṣe rí gẹ́lẹ́, torí ọlọ́pàá tó wá lọ́jọ́ náà ò ṣe nǹkan burúkú kankan, kò pariwo, kò fọwọ́ kàn wọ́n, ohun tí iṣẹ́ sọ pé kó ṣe ló ṣe. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, kò wá sójú títì wa rí. Ó dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, ó ní kí bàbá mi yọ ọwọ́ kúrò lápò kí òun lè rí i. Ó bi wọ́n ní orúkọ, wọ́n sọ ọ́, kò gbọ́ ọ, wọ́n tún sọ ọ́. Ó bi wọ́n ibi tí wọ́n ń gbé, wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà ilé wa. Ìwé àṣẹ ìrìnnà wọn wà nínú àpótí nílé. Nígbà tí ìyàwó mi fi máa dé ibẹ̀ pẹ̀lú páálí ìwé náà lọ́wọ́, wọ́n ti tó ìṣẹ́jú ogún lórí ìdúró. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó ní kí wọ́n má bínú, wọ́n ní kò séwu, wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ìyàwó mi sọ fún mi pé nínú gbogbo ẹ̀, ohun tó dun òun jù ni pé bàbá ti bọ́ fìlà wọn, wọ́n dì í mú sáyà báyìí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí wọ́n rò pé fìlà yẹn ló fa ọ̀rọ̀.

Wọn ò jáde láàárọ̀ mọ́ títí wọ́n fi padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n bi mí pé ọlọ́pàá àkọ́kọ́ ńkọ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó fún wọn, bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún yín yìí. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, "Ta ló ni ín?" Mo ní ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún un, ìpínlẹ̀ ló ni ín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ìbéèrè tí àwa náà ń bi ara wa nílé láti ìgbà tí àwọn ti wà ní ọmọdé nìyẹn.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ akódà fún mi. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kí òmìnira tó dé, oríṣi ọlọ́pàá méjì ló wà nílẹ̀ Yorùbá. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìbílẹ̀ náà wà, abẹ́ káńsù àti ọba ni ti ìbílẹ̀ wà, akódà làwọn èèyàn ń pè wọ́n. Akódà mọ gbogbo agboolé. Tí ẹ bá ja ẹnì kan lólè lọ́jà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ akódà á ti mọ ilé tí ẹrù wà. Èyí tó dáa nínú ẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ò dáa ni pé ẹni tó ni káńsù ló ni akódà. Nígbà tí òṣèlú gbóná ní Western Region, tí ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú wọ ìlú, àwọn tó wà nípò lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fi mú ọ̀tá wọn, láti fi dá ìpàdé rú. Bàbá mi rí i kòrókòró, bàbá tiwọn ni wọ́n wá mú lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí ẹgbẹ́ tó ń bá ṣe. Akódà tó wá mú un, ọmọ àdúgbò ni, ó mọ̀ ọ́n, ó tiẹ̀ kí i kó tó mú un. Torí náà nígbà tí ológun gbàjọba ní 1966, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wọnú ti àpapọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sunkún wọn.

Mo ní láti sọ pé ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ń fi ọkàn mi sọ pé kí ọlọ́pàá ṣáà mọ̀ wá, ó tán. Bàbá mi ń sọ fún mi pé ẹni tó mọ̀ ẹ́ ló mọ ibi tó ti lè mú ẹ.

Ní Nàìjíríà lónìí, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà, abala 214 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ọkọ̀ fún wọn? Èkó dá àpò owó ààbò kan sílẹ̀ ní 2007, láti inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń ra mọ́tò àti irinṣẹ́ fún ọlọ́pàá àpapọ̀. Síbẹ̀ tí gómìnà bá pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, abala 215 fún kọmíṣọ́nà láyè láti sọ pé kí òun kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Owó ní Èkó, àṣẹ ní Àbújá. Nígbà tí ààbò wá mẹ́hẹ pátápátá, tí àwọn ajínigbé gba ojú ọ̀nà àti oko, àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá gbé Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 2020, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà yẹn fi sọ pé kò bófin mu, wọ́n sì ní láti gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Ní Òkè Báálẹ̀, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ń dáwó ọdẹ lóṣooṣù, bàbá mi ni akápò wọn fún ọdún mẹ́jọ. Owó ọdẹ yẹn kéré, ṣùgbọ́n tí ọdẹ bá sùn lórí iṣẹ́, wọ́n lè lé e lọ́la. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní pé èèyàn ni nǹkan.

Níbí, olórí ìlú wa, First Selectman ni wọ́n ń pè é, lè bẹ trúpà pé jọ̀ọ́, àwọn ọmọdé ń sáré jù ní mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, bá wa dúró síbẹ̀. Kò lè jẹ ẹ́ níyà. Kò lè dá a dúró. Bárékè lè gbé e lọ síbòmíràn nígbà tí iṣẹ́ bá pè é, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò. Fún èmi tí mo ti gbọ́ ìtàn bàbá bàbá mi, ìdajì ìyẹn tù mí nínú. Kò sí kánsẹ́lọ̀ kankan tó lè sọ pé lọ mú ọkùnrin yẹn fún mi torí kò dìbò fún mi, ọ̀gá trúpà ò sí nínú ìlú yìí. Mo mọ àwọn ìlú kéékèèké níbòmíràn ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá mẹ́ta ni wọ́n ní, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún wọn, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi, owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, èmi ò fẹ́ ìyẹn. Trúpà tí ìpínlẹ̀ kọ́ dáadáa, tó ní àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ilé àyẹ̀wò lẹ́yìn ẹ̀, ó sàn ju ìyẹn lọ. Ìdajì kejì ni kò tù mí nínú, pé ẹni tí a fi ọdún méjì mẹ́ta mọ̀, wọ́n lè mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò sì lẹ́nu ńbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé Pennsylvania, lápá Poconos. Ọ̀rọ̀ tiwọn tún yàtọ̀. Ìlú wọn ò ní ọlọ́pàá, wọn ò bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé, wọn ò san nǹkan kan, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń ṣọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì dá wà, ìlú àti abúlé tó lé ní 1,200 nínú bíi 2,560 tó wà ní Pennsylvania ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlú tó ń san owó ọlọ́pàá tiwọn ń bínú, wọ́n ní àwọn ń san ẹ̀ẹ̀mejì. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títì, èyí tó ń wá láti ara epo àti làísẹ́ńsì mọ́tò, ni wọ́n ń fà yọ fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ó tó bíi 800 mílíọ̀nù dọ́là nínú ìṣúná 2016 sí 2017, àwọn afárá sì wà tó ń jẹrà. Gómìnà Tom Wolf ní kí àwọn ìlú tí ò ní ọlọ́pàá máa san dọ́là 25 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ní 2017, àwọn aṣòfin ò gbà. Ó tún gbé e wá lọ́nà mìíràn lẹ́yìn náà, wọn ò gbà.

Ohun tó mú mi lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ Pennsylvania ni ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Láyé àtijọ́, àwọn oníléeṣẹ́ èédú àti ti ojú irin níbẹ̀ ní ọlọ́pàá tiwọn, Coal and Iron Police, ìjọba ló ń fún wọn láṣẹ, iléeṣẹ́ ló ń sanwó wọn, tí òṣìṣẹ́ bá yanṣẹ́ lódì, àwọn yẹn ni wọ́n máa ń kó tì wọ́n. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1902 ni ìpínlẹ̀ wá dá ọlọ́pàá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1905, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó lówó ló ni ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn awakùsà tún sọ pé àwọn tuntun yìí ò yàtọ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní Cossack, orúkọ àwọn ológun ẹlẹ́ṣin tí ọba Rọ́ṣíà fi ń tẹ aráàlú lórí ba. Mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Akódà ni wọ́n, akódà àwọn aláwọ̀ funfun."

Ní oṣù karùn-ún 2018, ọ̀rọ̀ trúpà tún padà délẹ̀ nínú ìpàdé ìlú. Ìlú tó pààlà pẹ̀lú tiwa ló mú un wá, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká jọ pín ẹyọ kan. Níbí, ní ìlú kékeré, aráàlú fúnra wọn ló máa ń jókòó sí gbọ̀ngán ilé ìwé lórí àga irin, wọ́n á ka ìṣúná láti òkè délẹ̀, ẹni tó bá lọ́rọ̀ á dìde, wọ́n á dìbò nípa nína ọwọ́ sókè. Mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún méjì ṣáájú, mi ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí. Bàbá àgbẹ̀ kan dìde, ó ní òun ti ń san owó orí fún ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ni ká máa ṣọ́ òun, kí ló dé tí òun á tún san òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Obìnrin kan ní wọ́n jalè nílé òun lẹ́ẹ̀mejì, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rán wá, òun ní láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni kejì. Èmi náà wá dìde.

Mo sọ ìtàn bàbá mi. Mo sọ ti 2014, mo sọ ti 2017, mo sọ ti fìlà. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ìgbà tí mo sọ pé ẹnì kan ló pe 911 lórí bàbá mi, mo rí obìnrin kan lórí ìlà kẹta tó wolẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, ilé ẹ̀ ò jìn sí tiwa. Mi ò mọ̀ bóyá òun ló pè. Mi ò bi í, mi ò sì ní bi í láéláé. Lẹ́yìn ìpàdé ó wá dì mọ́ ìyàwó mi, kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó ti ń bá wa mú ẹyin adìyẹ wá lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè.

Wọ́n nawọ́, ó wọlé. Ìlú méjì, trúpà kan.

Ohun kan wà tí mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bàbá mi bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ní 2014 nítorí pé ẹnì kan mọ̀ wọ́n. Àwọn tí ẹnì kankan ò mọ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ Guatemala wà lóko wàrà tó wà lẹ́yìn òkè, wọ́n máa ń ji ìdájí ju bàbá mi lọ, wọn kì í wá sí ààtàn lọ́jọ́ Sátidé, wọn kì í wá sí ìpàdé ìlú, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá lẹ́nu láti fi ara ẹ̀ hàn nìkan ni ìdájí máa dára fún. Trúpà tuntun àkọ́kọ́ tí wọ́n rán wá, mo bá a sọ ọ́, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun á máa dúró lóko yẹn láì ní ìdí kankan, kí wọ́n kàn máa rí òun, kí wọ́n rí i pé òun ò mú ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣe é lóòótọ́. Ó fi nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ ṣe é, mo rí ọkọ̀ ẹ̀ níbẹ̀, mo rí i tó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá gbé e lọ síbòmíràn.

Trúpà mẹ́ta la ti ní látìgbà ìpàdé ìlú yẹn. Nígbà tí ìwé àdéhùn bá tún dé, mo fẹ́ kí ìlú wa béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá rán wá gbọ́dọ̀ pé ọdún méjì kíkún kí wọ́n tó gbé e lọ, àfi tó bá jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ lọ, kí wọ́n sì jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ tí aráàlú bá ní. Mo ti kọ lẹ́tà, èèyàn mọ́kànlélógún ti bá mi fọwọ́ sí i. Wọ́n lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Kí wọ́n ṣáà gbọ́ pé a béèrè.

Bàbá mi ń bọ̀ lóṣù kẹfà. Wọ́n ti dàgbà gan-an báyìí, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn máa rìn, kí n má fi àwọn mọ́lé bí ewúrẹ́. Mo ní kò burú, Bàbá. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo lọ sí táun họ́ọ̀lù lọ́dọ̀ trúpà kẹta yìí, ọ̀dọ́mọdé ni, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé. Mo fi fọ́tò hàn án lórí fóònù mi, bàbá mi pẹ̀lú fìlà lórí, níwájú ilé wa ní Òkè Báálẹ̀. Mo sọ aago tí wọ́n máa ń jáde àti ibi tí wọ́n máa ń rìn dé. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ wọn sórí bébà, mo kọ ọ́, mo fi àmì ohùn sí i, mo pè é fún un, ó pè é lẹ́yìn mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é kó tó gbà á. Ó wá lẹ bébà yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀.